Ohun Tí Yọọ́wò Yọ Kẹ́yìn

Bí ẹ bá gbé máṣíìnì ìránṣọ tó ń já òwú dé ọ̀dọ̀ Yọọ́wò, kò ní bi yín pé ọdún wo lẹ rà á, kò sì ní bi yín pé ta ló ń lò ó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Kí lẹ fi sí i kẹ́yìn?" Tí ẹ bá ní bẹ́líìtì ni, á ní, "Ẹ jẹ́ n yọ ọ́ wò." Tí ẹ bá ní abẹ́rẹ́ ni, á tún ní ẹ jẹ́ kóun yọ ọ́ wò. Nígbà tó yá, àwọn télọ̀ gbàgbé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Yọọ́wò ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọkùnrin náà gbà pé máṣíìnì kì í purọ́, ẹni tó ni ín ló ń purọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá, tí ẹ wá ki nǹkan tuntun bọ̀ ọ́, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí, ṣé ẹ tún fẹ́ jókòó máa ronú lé ìyẹn ni? Nǹkan tuntun yẹn ni! Ẹ yọ ọ́ dànù! Ìlànà tó fi ń jẹun láti ìgbà èwe ẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì dójú tì í. Ká má parọ́, bóyá ó ti dójú tì í lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn?

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè dúró sí kí ẹnì kan ṣoṣo ráyè mí. Máṣíìnì tó ti tú palẹ̀ wà lọ́tùn-ún, èyí tó ń dúró de olówó ẹ̀ wà lósì. Lórí pẹpẹ, agolo mílíìkì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń kó gbogbo páàtì àyọkúrò sí, torí kì í ju páàtì nù. "Ohun tí mo bá yọ, olówó ẹ̀ lè bèèrè ẹ̀ lọ́la," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn tó ń ta páàtì ni ọ̀tá ẹ̀ láyé. Wọ́n á kó sípíríńgì ayédèrú fún un, á gbé e padà lọ bá wọn pé ó ń dún gbàgàgbàgà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù, ó máa kọ́kọ́ dún bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa tó bá a mu." Hùn! Ó ti gbọ́ "ó máa tó bá a mu" títí etí ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Kò sí èyí tó bá a mu rí nínú gbogbo wọn. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn o, torí òun gan-an ló padà wá ṣe ọkùnrin yìí léṣe.

Máṣíìnì ló gbé ìyàwó wá fún un. Opó ni obìnrin náà nígbà yẹn. Aṣọ ọmọ iléèwé ló ń rán, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Yunifọ́ọ̀mù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ. Ó gbé máṣíìnì dé, Yọọ́wò bi í ní ìbéèrè ẹ̀, obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ohun tí mo fi sí i kẹ́yìn? Ẹsẹ̀ mi ni. Ṣé ẹ fẹ́ yọ ìyẹn náà wò ni?"

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Yọọ́wò alára rẹ́rìn-ín títí sukudiráfà fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n fẹ́ra wọn. Ọmọ ò dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wọ́n nínú ilé náà. Yàrá méjì ni wọ́n ní. Wọ́n ń sùn nínú ọ̀kan, obìnrin náà ń ránṣọ nínú èkejì. Aṣọ aláwọ̀ búlúù àti funfun wà lórí àga, wà lórí fèrèsé, fọ́nrán òwú kì í sì í wọ́n nínú omi tí wọ́n ń mu. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó máa ń pariwo pé kí ọkọ òun má fi ọwọ́ ọ́ìlì kan ògiri. Ojoojúmọ́ sì ni ọkọ ń fi kàn án.

Orí fífọ́ ni àìsàn náà bá wọlé. Ta ni orí kì í fọ́? Obìnrin náà ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, orí ò dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ibà ń ṣe é nírọ̀lẹ́, ọrùn ẹ̀ gan. Ó wá di ọjọ́ kan, Yọọ́wò wọlé, ó bá a tó ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń bi í pé irú ọmọ wo lèyí tí ẹsẹ̀ ń hù lọ́rùn ẹ̀. Yọọ́wò rẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé ìyàwó òun ò ṣàwàdà. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n fa omi ní ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀. Àìsàn méjì ni wọ́n bá bọ̀. Kòkòrò éèdì ti wà lára ẹ̀ tipẹ́, ó ti jẹ àwọn ọmọ ogun ara ẹ̀ run. Nígbà tí ilé ò ní ọlọ́dẹ mọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ ráyè wọlé, ó sì lọ fìdí kalẹ̀ sínú ọpọlọ.

"Ikọ́? Nínú orí?" Yọọ́wò ní. "Orí ń húkọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló dá a lóhùn, obìnrin kan tí irun ẹ̀ ti funfun sẹ́nu iṣẹ́, tó máa ń yọjú wo èèyàn lókè awò ojú ẹ̀. "Baálé, kòkòrò tó ń fa ikọ́ ló wà níbẹ̀. Ibi tó bá wù ú ló ń gbé. Kì í ṣe ibi gbogbo tó bá dé ló ti ń húkọ́."

Wọ́n yẹ Yọọ́wò náà wò, kò ní kòkòrò kankan. Obìnrin náà rántí ọkọ ẹ̀ àkọ́kọ́, bó ṣe rù tó rù títí tó fi kú, tí ẹbí ń sọ pé àyà ló ń dùn ún. Ó fi aṣọ bo ojú. Yọọ́wò ò bi í ní nǹkan kan. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Máṣíìnì àlòkù tí mo fẹ́ràn, ṣé mo máa ń bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ni?" Obìnrin náà gbá a lápá. Ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Oògùn ikọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, hóró pupa ńláńlá, pẹ̀lú òmíràn tó ń mú kí wíwú ọpọlọ lọ sílẹ̀, tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ti éèdì ńkọ́? Nọ́ọ̀sì àgbà ní ó di ìgbà díẹ̀ sí i, torí àwọn ò fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lé ara ẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Hóró pupa sì ṣiṣẹ́. Ọrùn rọ̀, ibà lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tò padà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tó ti kó ẹrù wá láti tọ́jú ẹ̀, dì í padà, ó lọ sílé ẹ̀ tìdùnnútìdùnnú. Kò pẹ́ tí Ìyá Yunifọ́ọ̀mù fi padà sídìí máṣíìnì, tó tún ń pariwo ọwọ́ ọ́ìlì lára ògiri. Yọọ́wò dìídì lọ fi ọwọ́ kan ògiri náà sí i, kí ariwo náà lè pọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjọ́ hóró funfun pé, oògùn éèdì. Nọ́ọ̀sì àgbà mú tọkọtaya náà jókòó.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn ọmọ ogun ara yìí ti dákú tipẹ́. Hóró funfun yìí ló máa jí wọn. Tí wọ́n bá jí, tí wọ́n bá kòkòrò ikọ́ nílé, kódà kó jẹ́ òkú ẹ̀ ni wọ́n bá, wọ́n máa dojú ìjà kọ ọ́. Ìjà inú orí kì í ṣe ìjà kékeré. Ó lè wá dà bíi pé àìsàn àtijọ́ ló padà dé: orí fífọ́, èébì, kí ojú máa rí nǹkan kan ní méjì. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn kankan dúró. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ yẹn gan-an. A ní ohun tá a máa fi pẹ̀tù sí ìjà náà."

"Ṣé ẹ̀ ń sọ pé ó máa kọ́kọ́ burú kó tó dára ni?" Yọọ́wò bèèrè.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀ fún."

Yọọ́wò mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ bá mi wo ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tó máa ń rín sí àwọn tó ń ta páàtì ni.

"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?" ìyàwó ẹ̀ bi í lọ́nà.

"Kò sí. Àwọn náà ti mọ̀ ọ́n sọ."

"Mọ kí ni sọ?"

"Pé ó máa tó bá a mu."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, nǹkan kan ò ṣe é. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni orí fífọ́ dé padà, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà bì sórí síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ wá gbà lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ń bu omi gbígbóná sí ife, omi ń dà sórí tábìlì, kò mọ̀. Yọọ́wò sáré gba kẹ́tùrù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ife méjì lo gbé síbẹ̀," obìnrin náà ní, "mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

Ife kan ló wà níbẹ̀.

Yọọ́wò gbé kẹ́tùrù sílẹ̀, ó jókòó. Ọpọlọ ẹ̀ ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Hóró pupa ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ara ń yá. Wọ́n fi hóró funfun sí i. Ara ò yá mọ́. Kí ni wọ́n fi sí i kẹ́yìn?

"Jẹ́ ká yọ funfun yẹn kúrò ná," ó ní.

"Rárá o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ìyàwó ẹ̀ dáhùn, ó dijú nítorí ìmọ́lẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ní tó bá rí báyìí, ká máa bọ̀. Gbé mi lọ."

"A máa lọ. Jẹ́ kó di ọ̀la."

Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la mìíràn. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ò fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀. Ẹ̀rù tí ìfẹ́ ń dá sílẹ̀ ló ń bà á. Ó dá a lójú pé tóun bá gbé e débẹ̀, wọ́n á ní kó máa gbé funfun mì nìṣó, torí ẹni tó tà yín ní páàtì ò ní sọ pé páàtì òun ló bà á jẹ́ láé. Áà, olóríkunkun ọkùnrin! Ohun tí wọ́n sọ fún un pé ó lè ṣẹlẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣojú ẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó sì sọ ìyẹn di ẹ̀rí pé irọ́ ni wọ́n pa.

Òun ló ń kó oògùn lé ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, ó kó hóró pupa sí i látẹ́lẹwọ́, ó fi funfun sílẹ̀ nínú ike ẹ̀, ó gbé ike náà sápò. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó jù ú sínú agolo páàtì àyọkúrò. Ṣé obìnrin náà ò ní mọ̀ ni? Ẹni tó ń rí ọ̀kan ní méjì, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọ̀kan ti dín?

"Ó pé?" ìyàwó ẹ̀ ti bi í kó tó kúrò nílé.

"Ó pé."

"O ṣeun, ọkọ mi."

Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wa. Ó gbé e mì, Yọọ́wò nu omi tó dà sí i lágbọ̀n, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ká ní ara ẹ̀ burú sí i lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá Yọọ́wò ì bá ti sá gbé e lọ sọ́sibítù. Àmọ́ ó san díẹ̀! Àìsàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, á fà sẹ́yìn bí àgbò tó fẹ́ kàn. Obìnrin náà jẹun, kò bì. Ó jókòó, ó bèèrè ẹni tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì. Yọọ́wò ń súfèé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan bi í pé ìyàwó ńkọ́, ó ní ìyàwó ń gbádùn, ó sì bojú wo agolo orí pẹpẹ bíi pé òun àti agolo náà jọ ní àṣírí.

Ìrọ̀rùn náà ò dé ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ yà wá kí wọn, ó bá àbúrò ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń kọjú sí ògiri, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, èmi nìyí o. Wojú mi."

Obìnrin náà yí orí, ojú ẹ̀ kan wo ọ̀tún, ojú kejì ò bá a lọ. "Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. Ó rò pé oníbàárà ni.

Ẹ̀gbọ́n jáde bá Yọọ́wò ní yàrá kejì. "Ọkọ wa, kí là ń dúró dè?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ó ti san díẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ ní sùúrù, ó máa tó..."

Ó gbọ́ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Ohùn àwọn tó ń ta páàtì gan-an ni, kò yàtọ̀ rárá. Ibi tó dúró sí yẹn ló wà tí bẹ́ẹ̀dì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní yàrá tí aláìsàn wà. Gìrì ti gbé ìyàwó ẹ̀.

Wọ́n gbé e sínú takisí, orí ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí itan ọkọ ẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, gìrì náà dáwọ́ dúró, ó sì lajú díẹ̀. Yọọ́wò di ọwọ́ ẹ̀ mú. Dókítà dúró tì wọ́n, nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé?"

"Dókítà, ọkọ ẹ̀ ló ń kó o lé e lọ́wọ́ fúnra ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ohùn tín-ín-rín kan dìde láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kò fo ọjọ́ kan. Ọkọ mi ò fo ọjọ́ kan rí."

"Ẹ ṣeun, bàbá," dókítà sọ fún Yọọ́wò. Ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Tó bá ń lò ó tán, tó sì burú tó báyìí, a jẹ́ pé oògùn ikọ́ yẹn ò ran kòkòrò tiẹ̀. Bóyá ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Àbí kí ló yí padà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Yọọ́wò wo èékánná ara ẹ̀ tí ọ́ìlì dúdú ti há sí. Ìbéèrè ẹ̀ ni wọ́n ń bi í yẹn, èyí tó ti fi dààmú gbogbo télọ̀. Ó mọ̀ pé hóró pupa ṣiṣẹ́, ó rí i lójú ara ẹ̀. Tó bá dákẹ́, wọ́n á yọ èyí tó dára dànù nítorí irọ́ òun. Tó bá sì sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń jẹ́rìí ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì á gbọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Mo yọ hóró funfun. Àtìgbà tí ojú ẹ̀ ti ń rí méjì ni mo ti yọ ọ́. Mi ò sọ fún un."

Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọkọ wa! Ẹ pa mí!" Ìyá Yunifọ́ọ̀mù kàn fa ọwọ́ ẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ ọkọ ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa òwú lójú abẹ́rẹ́.

Wọ́n ò pààrọ̀ hóró pupa mọ́. Wọ́n so oògùn tó ń pẹ̀tù sí wíwú mọ́ ọn lápá. Níwájú ilé ìtọ́jú ni nọ́ọ̀sì àgbà ti bá Yọọ́wò, kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn kó pariwo.

"Kì í ṣe hóró tí ẹ yọ yẹn ló dùn mí jù," ó ní. "Àwa náà máa ń dá a dúró nígbà mìíràn tí ìjà ọ̀hún bá le. Ṣùgbọ́n àwa là ń dá a dúró, níbi tá a ti ń wò ó, tí oògùn mìíràn sì ń wọlé. Ọjọ́ tó rí ife kan ní méjì, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ẹ gbé e wá. Orí kì í fẹ̀, baálé. Ohun tó bá wú nínú ẹ̀, nǹkan mìíràn ló máa tẹ̀ pa. Ojú ẹ̀ ló ń tẹ̀ yìí."

"Ṣé ó máa padà ríran?"

Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún.

Obìnrin náà ò kú. Orí fífọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tò, ó dá gbogbo èèyàn mọ̀ ní ohùn wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì tó ń rí di òjìji, òjìji náà sì di òkùnkùn. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún wọn pé ibi tó máa dé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n fẹ́ tù ú nínú, ó ṣí ẹnu pé, "Àbúrò mi, bí a bá ń sunkún, à á máa..." Ó rántí bí òwe náà ṣe parí, ó gbé e mì. Òun gan-an ló wá bú sẹ́kún.

Ìgbà tí wọ́n fi máa dá wọn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí obìnrin náà padà sórí hóró funfun, kó lo èyí tó wà nílé tán ná, torí kò bàjẹ́. Yọọ́wò mú un délé, ó fi í jókòó sórí àga ìránṣọ ẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ki ọwọ́ bọ inú agolo, láàárín sípíríńgì àti sukúrúù, ó yọ ike oògùn náà jáde. Ó nù ún, ó tún un nù. Ó gbé e wá fún ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan.

Obìnrin náà gba ike náà, ó gbé e sí imú.

"Ó ń rùn bí ọ́ìlì. Ibo lo gbé e sí?"

"Inú agolo."

"Agolo páàtì àyọkúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí. Máṣíìnì ẹ̀ wà níwájú ẹ̀, òwú búlúù ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ tó ti ránṣọ kẹ́yìn. Yọọ́wò na ọwọ́, ó fẹ́ bá a ṣí ike náà.

"Fi sílẹ̀," obìnrin náà wí. Kò jágbe mọ́ ọn. "Má bínú. Mo fẹ́ máa mọ ohun tó ń wọ ẹnu mi."

Ó ṣí i fúnra ẹ̀. Ó da hóró kan sátẹ́lẹwọ́, ó bu hóró pupa láti inú ike tiwọn, ó ń fi ìka ọwọ́ kejì wá wọn kiri níkọ̀ọ̀kan, ìka tó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwojú ẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó tún wọn wá lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó pé," ó sọ fún ara ẹ̀.

Yọọ́wò dúró níwájú ẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.